Láti Ọ̀nà Àbọ̀ Ni Kí Ẹ Ti Ka Ọjọ́ Ìgbafẹ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o, a kú ọ̀rọ̀ ìlú.

Ó ti di àṣà ní Òṣogbo wa báyìí pé kí òbí dédé sọ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì pé, "Ẹ múra, ọ̀la la ó lọ sí ọgbà ìgbafẹ́ n'Íbàdàn." Àwọn ọmọ á fò sókè, ìyá á wá kúlà jáde, ó di ọ̀la. A ò ní kí ẹnikẹ́ni má lọ bẹ́ẹ̀. Ìrìn òjijì bẹ́ẹ̀ tiẹ̀ máa ń dùn ju èyí tí a ti ń pariwo rẹ̀ láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ohun tó mú wa kọ̀wé ni pé ọ̀pọ̀ ń pàdánù ọjọ́ náà kí wọ́n tó dé géètì, nítorí àárọ̀ ni wọ́n ti ń ka wákàtí lọ sí alẹ́. Ọgbà tí ẹ kò dé rí, alẹ́ ni kí ẹ ti kà á wá sí àárọ̀.

Bí a ṣe ń kà á nìyí. Ẹ ò fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá yín lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán. Lóṣù Kọkànlá, oòrùn ti ń wọ̀ ní nǹkan bí agogo 6:20. Lóṣù Keje, ó lè tó agogo 7:00. Láti Ìwó Róòdù gba Àṣejirè, Ìkirè, Gbọ̀ngán àti Àkódà wọ Òṣogbo tó nǹkan bí 100 kìlómítà. Bí ọ̀nà bá dá, wákàtí méjì ni. Ẹ fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kún un fún súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìwó Róòdù, tí kì í mojú ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, lóṣù Kọkànlá, ọkọ̀ yín gbọ́dọ̀ kúrò níwájú ọgbà ní agogo 3:30. Kí ẹ tó pe àwọn ọmọ jọ, kí wọ́n tọ̀, kí wọ́n bọ́ aṣọ tó tutù, kí ẹ kà wọ́n kí ẹ tún wọn kà, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ti lọ. Agogo 3:00 ni eré parí fún yín nìyẹn, ẹ má wo agogo 6:00 tí wọ́n kọ sára géètì.

Ẹ wá padà sí àárọ̀. Bí ẹ bá kúrò ní Òṣogbo ní agogo 7:00, ẹ ó dé ibẹ̀ láàárín 9:30 sí 10:00. Wákàtí márùn-ún ló kù. Ẹ yọ wákàtí kan fún oúnjẹ àti ilé ìtọ̀, ẹ yọ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fún tíkẹ́ẹ̀tì àti wíwo àyíká. Ẹ̀rọ ìṣeré kan kì í yí ju ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún lọ, àmọ́ bí èrò bá pọ̀, ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ máa dúró lórí ìlà kó tó kàn yín. Ẹ̀rọ mẹ́fà sí mẹ́jọ ni ọmọ kan lè gùn, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi iye yìí sọ́kàn, a ó tún padà sí i.

Bó bá wá jẹ́ agogo 10:00 lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kúrò nílé nítorí ẹnì kan ń lọ aṣọ, ẹ fi Ìbàdàn sílẹ̀. Wákàtí méjì lẹ máa lò nínú ọgbà, wákàtí márùn-ún lójú títì. Ẹ kó wọn lọ sí Nelson Mandela Freedom Park ní Old Garage níbí, kí Ìbàdàn di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Àwọn kan á ní Igbó Ọ̀ṣun ńkọ́? Igbó Ọ̀ṣun kì í ṣe ọgbà eré o. Ojúbọ ni, UNESCO kà á mọ́ ogún àgbáyé lọ́dún 2005, ó sì ní èèwọ̀ tirẹ̀. Ẹ mú ọmọ lọ síbẹ̀ kó lọ kọ́gbọ́n, ẹ má mú un lọ síbẹ̀ kó lọ máa sáré.

Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dín adìẹ, ẹ pe ọgbà náà lórí fóònù. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń bi wọ́n ni pé, "Ṣé ẹ máa ṣí lọ́la?" Ìdáhùn rẹ̀ kì í yàtọ̀: "A máa ṣí o, ẹ máa bọ̀." Géètì á ṣí lóòótọ́. Ẹ bi wọ́n ní aago tí ẹ̀rọ ń bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Géètì lè ṣí ní 9:00 kí ẹ̀rọ má yí títí di 11:00, nítorí jẹnẹrétọ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò, olówó ọgbà kì í sì í fẹ́ jó dísẹ́ẹ̀lì nítorí ọmọ mẹ́ta. Ó ń dúró kí èrò pé. Lẹ́yìn náà, ẹ bi wọ́n pé, "Èwo nínú àwọn ẹ̀rọ yín ni kò ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí?" Ẹ má bi wọ́n bóyá gbogbo rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́, "bẹ́ẹ̀ ni" kò wúwo lẹ́nu. Ẹni tí ẹ bá bi pé èwo ni, á ní láti dárúkọ nǹkan.

Ẹ tún béèrè owó. Ṣé owó géètì kárí ẹ̀rọ, tàbí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ló ní tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀? Ṣé owó omi ìlúwẹ̀ẹ́ yàtọ̀? Ṣé àgbàlagbà tó kàn fẹ́ jókòó ṣọ́ ọmọ máa san owó géètì? Ṣé wọ́n ń jẹ́ kí a gbé oúnjẹ láti ilé wọlé, tàbí ẹnu géètì ni wọ́n á ti gbà á? Kí ẹ tó gbé fóònù sílẹ̀, ẹ béèrè bóyá ẹnì kan ti gba àyè fún ọjọ́ ìbí, tàbí ilé-ìwé kan fẹ́ kó ọmọ bọ́ọ̀sì mẹ́rin wá. Kò sẹ́ni tó ń béèrè èyí, òun ló sì ń ba ọjọ́ jẹ́ jù.

Bí wọn kò bá gbé fóònù, ẹ wo àwòrán ọgbà náà lórí Google Maps. Ẹ fo èyí tí olówó ọgbà fúnra rẹ̀ gbé síbẹ̀, ẹ wo èyí tí àwọn àlejò yà, kí ẹ sì wo ìgbà tí wọ́n yà á. Àwòrán ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn tí ọ̀dà ẹ̀rọ ṣì ń dán kò sọ nǹkan kan nípa ọ̀la. Bí ó bá jẹ́ pé nínú ti oṣù méjì sẹ́yìn, koríko ti hù yí ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ká, ẹ ti gba èsì yín. Ẹ sì ní ibi kejì lọ́kàn ní ìlú kan náà, èyí tí kò nílò jẹnẹrétọ̀. N'Íbàdàn, ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn wà níbẹ̀. Kìnnìún kò nílò iná mànàmáná.

Ibi tí ìṣirò owó ti ń já ènìyàn kulẹ̀ ni ti àwọn ọmọ kéékèèké. Wọn kì í dá gun ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ. Àgbàlagbà gbọ́dọ̀ bá wọn gùn ún, òun náà á sì ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọmọ méjì, ẹ̀rọ mẹ́rin: ẹ má pè é ní tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ. Bí ìyá bá lè jókòó sáàárín àwọn méjèèjì, méjìlá ni. Bí ìjókòó bá jẹ́ ti ẹni méjì-méjì, tí bàbá náà ní láti gùn, ó ti di mẹ́rìndínlógún. Lẹ́yìn tí ẹ bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹ fi ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ lé e fún áísìkirimù, bàlúùnù àti "ẹ jẹ́ kí n tún un gùn lẹ́ẹ̀kan sí i."

Títa tíkẹ́ẹ̀tì léyọ léyọ yìí kì í ṣe ìwà àwa nìkan. Disneyland tí wọ́n ṣí ní Kalifọ́níà lọ́dún 1955 pàápàá ta ìwé tíkẹ́ẹ̀tì tí a ń já léwé-léwé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lẹ́tà A ni ti ẹ̀rọ tó kéré jù, lẹ́tà E ni ti àwọn tó gbayì jù. Ọdún 1982 ni wọ́n pa á tì, tí owó ẹnu ọ̀nà fi kárí gbogbo rẹ̀. Fún ẹni tí àsìkò rẹ̀ kúrú, títa léyọ tiẹ̀ sàn, nítorí kò ní sanwó ohun tí kò ní ráyè gùn. Bí ọgbà bá ní báǹdì ọrùn-ọwọ́ tó kárí gbogbo ẹ̀rọ, ẹ fi owó ẹ̀rọ kan pín owó báǹdì náà. Bí èsì bá ju mẹ́fà lọ, ẹ má rà á. Ẹ rántí iye ẹ̀rọ tí àsìkò yín gbà. Ẹ mú káṣì dání, kó sì jẹ́ owó kéékèèké, nítorí bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá fà sẹ́yìn, ọmọ á dúró sójú oòrùn títí àláàtì á fi wọlé sórí fóònù ọ̀gá kan tí kò sí nítòsí.

Ó ku ohun kan tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣe nílé: ẹ wọn gíga àwọn ọmọ. Kí ọmọ bọ́ bàtà, kó fi gìgísẹ̀ àti ìpàkọ́ ti ògiri, ẹ fi ìwé tó le lé e lórí, ẹ fi pẹ́ńsùlù sàmì, ẹ wọ̀n ọ́n pẹ̀lú tépù aránṣọ. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ń béèrè 100, 120 tàbí 140 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ sọ fún ọmọ nílé èyí tí kò ní lè gùn, kó má baà jẹ́ iwájú ìlà ló ti máa gbọ́. Àwọn òbí kan á ní ọmọ àwọn láyà, wọ́n á máa bẹ ẹlẹ́rọ. Ọ̀rọ̀ yìí kò kan láyà. Irin tí wọ́n ń rọ̀ sórí itan ló ń di ènìyàn mọ́ ìjókòó. Bí ọmọ bá kúrú, irin náà kò ní kàn án, ìgbà tí ẹ̀rọ bá sì sọ sókè, ọmọ lè yọ́ gba abẹ́ rẹ̀ jáde. Èyí tó tún léwu ni irin kan fún ẹni méjì. Bí bàbá tó sanra bá jókòó ti ọmọ ọdún mẹ́fà, itan bàbá ni irin á gbé dúró, àlàfo tó kù lórí itan ọmọ á sì gba ìrọ̀rí. Bàbá á ní òun á fi ọwọ́ dì í mú. Tí ẹ̀rọ bá ti ń yí kíkankíkan, ọmọ á wúwo lọ́wọ́ rẹ̀ ju bó ṣe wúwo nílẹ̀ lọ. Lórí irú ìjókòó bẹ́ẹ̀, bí irin kò bá kan itan àwọn méjèèjì, kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, kódà bí wọ́n ti sanwó.

Bí ẹ bá wọlé, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ rìn yí ká fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ wo èyí tó ń yí pẹ̀lú ènìyàn lórí, kí ẹ wo ọwọ́ ẹni tó ń darí rẹ̀. Ṣé ó ń fa irin ìjókòó kọ̀ọ̀kan wò kó tó tẹ bọ́tìnì, tàbí òkèèrè ló ti ń fojú wò ó? Èyí tó ń fà á, ẹ fi ọmọ lé e lọ́wọ́. Èyí tó ń tẹ fóònù nígbà tí ẹ̀rọ ń yí, ẹ kọjá níbẹ̀. Ẹ wo ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀. Ìpáàrà tó kàn bo ara irin kò kó wa láyà jẹ tó ìlà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń ṣàn láti ojú jíjó, torí ó lè jẹ́ pé ibẹ̀ ti sán. Bóòtù tí wọ́n fi wáyà so dípò nọ́ọ̀tì, ẹ má bi wọ́n ní ìdí rẹ̀, ẹ kọjá níbẹ̀.

Ilé onírọ́bà tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, tí àwọn ọmọ ń fò nínú rẹ̀, ni òbí fọkàn tán jù. Òun ló yẹ kí ẹ yẹ̀ wò jù. Afẹ́fẹ́ ń jò lójú rírán rẹ̀, nítorí náà ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ẹ kò gbọ́dọ̀ dákẹ́. Bí iná bá lọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í wó bo àwọn ọmọ. Ẹ béèrè ẹni tó dúró ti jẹnẹrétọ̀. Gbogbo igun rẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi okùn so mọ́ irin tí wọ́n gbá wọlẹ̀ ṣinṣin, búlọ́ọ̀kù méjì kò tó. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí atẹ́gùn bá ti ju 38 kìlómítà ní wákàtí kan lọ, wọn kì í jẹ́ kí ọmọ wọ̀ ọ́. Igi ni kí ẹ fi wọn ti yín: bí àwọn igi kéékèèké bá ń mì látòkè délẹ̀, ó ti ń sún mọ́ ọn, bí ẹ̀ka ńlá bá ń mì, ó ti kọjá. Atẹ́gùn tó ń ṣáájú òjò oṣù Kẹta àti oṣù Kẹrin lọ́dọ̀ wa kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé.

Ẹ̀rọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ni gbogbo ènìyàn ń rọ́ dúró sí, nítorí òun ni ojú wọn kọ́kọ́ rí. Ẹ lọ sí ìsàlẹ̀ ọgbà, kí ẹ máa ti ibẹ̀ bọ̀. Ẹ kọ́kọ́ gun èyí tí kì í gba èrò púpọ̀: kẹ̀kẹ́ gàgàrà tó ń gbé ènìyàn lọ sókè, nítorí ó gbọ́dọ̀ dúró ní ìjókòó kọ̀ọ̀kan kí ẹnì kan sọ̀ kí ẹlòmíràn gùn, àti àwọn mọ́tò kékeré tó ń kọlu ara wọn, nítorí iye mọ́tò tó yè kooro lọ́jọ́ yẹn ni iye ọmọ. Bí ẹni tó ń darí kẹ̀kẹ́ gàgàrà bá ní kí ẹ má jókòó síbi tí ẹ fẹ́, ẹ má bá a jà. Kò fẹ́ kí gbogbo ẹrù wà lápá kan. Jáńgílófà àti ọkọ̀ ojú irin ọmọdé ń kó ọ̀pọ̀ ọmọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n lè dúró di ọ̀sán. Èyí tó ń pòòyì, kí wọ́n gùn ún kí wọ́n tó jẹun, tàbí lẹ́yìn wákàtí kan. Omi tó wà nínú etí ń bá yíyí lọ lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ti dúró, òun ló ń kọ́ ènìyàn lóòyì tó sì ń mú èébì wá.

Omi wá ńkọ́? Lásìkò òjò, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ wẹ̀, nítorí ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́ ni ààrá sábà máa ń sán. Bí ó bá dún, kí gbogbo ènìyàn jáde, kí ẹnikẹ́ni má padà títí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn èyí tó dún kẹ́yìn. Lásìkò ọyẹ́, ẹ fi sí ọ̀sán gangan. Kí wọ́n tó bọ́ sínú rẹ̀, ẹ wò ó níbi tó jìn jù: bí ẹ kò bá rí ilẹ̀ rẹ̀ kedere, ẹ má jẹ́ kí wọ́n wọ̀ ọ́, nítorí ọmọ tó bá rì síbẹ̀, ẹni tó ń ṣọ́ omi kò ní rí i. Ọmọ tó ń rì kì í sì í pariwo. Kò rí èémí tó máa fi ké. Àgbàlagbà kan sí ọmọ méjì tí kò tó ọdún méje, kó wà nínú omi pẹ̀lú wọn, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti tó wọn. Kí fóònù rẹ̀ wà nínú báàgì.

Oúnjẹ kò le. Ìrẹsì tí a sè ní agogo 5:00 tí a sì dé gbóná sínú kúlà lè ti bẹ̀rẹ̀ sí í kan ní ọ̀sán. Ẹ mú búrẹ́dì, ẹyin sísè tí ẹ kò tíì bó, ẹ̀pà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Píọ̀ wọ́tà oní-50cl mẹ́ta fún ọmọ kan, láìka ti ìwẹ̀ ọwọ́. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá bẹ̀rẹ̀ lójú ọ̀nà, omi mímọ́ lítà kan, ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà tí a gé lórí, àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ ni kí ẹ pò pọ̀, kí ọmọ náà máa mu ún díẹ̀díẹ̀.

Kí ẹ tó kúrò nílé láàárọ̀, ẹ ya àwòrán ọmọ kọ̀ọ̀kan nínú aṣọ tó wọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Bí ọmọ bá sọnù láàárín èrò, ìyá tí jìnnìjìnnì bò kì í rántí bóyá àwọ̀ ewé ni àbí àwọ̀ búlúù. Ẹ fi báírò kọ nọ́ńbà fóònù sí ọmọ lápá nínú, kí ẹ sì fi nǹkan tí kò lè rìn ṣe ibi ìpàdé: igi, ọ̀pá àsíá, ilé tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ má lo "ibi tí ẹni tó ń ta áísìkirimù wà."

Ti ọkọ̀: bí ẹ bá háyà bọ́ọ̀sì, ẹ bá dírẹ́bà sọ̀rọ̀ kedere pé gbígbé lọ, dídúró dè yín àti gbígbé bọ̀ wà nínú iye tí ẹ gbà, kí ẹ sì dárúkọ agogo 3:30 fún un. Tí ẹ kò bá dá a dúró, á ti máa gbé èrò kiri Ìbàdàn, ìgbà tí ẹ bá sì pè é, á ní òun ti dé ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Kí ó sùn díẹ̀ lọ́sàn-án. Ẹ wo táyà, sípíà, jáàkì àti sípánà ní Òṣogbo. Ìkirè kọ́ ni ibi tí a ti ń mọ̀ pé jáàkì kò sí nínú bọ́ọ̀sì.

Ẹ yẹra fún Kérésìmesì sí ọdún tuntun, ọjọ́ Iléyá àti ti Ìtúnu Ààwẹ̀, May 27 àti October 1, bó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ yín ní ọgbà náà. Lọ́jọ́ wọ̀nyẹn, ẹ̀rọ mẹ́fà tí a ṣírò lè di méjì.

Ẹ̀yin olówó ọgbà, ohun méjì la ń tọrọ. Ẹ gbé pátákó kan sí òde géètì, kí a máa kọ orúkọ ẹ̀rọ tí kò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà sí i kí a tó gba owó lọ́wọ́ ènìyàn. Bí ẹ̀rọ bá sì bàjẹ́ lẹ́yìn tí a ti ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ẹ dá owó padà. "Ẹ padà wá lọ́jọ́ mìíràn" wúlò fún ará Bódìjà, kò wúlò fún ẹni tó fẹ́ dé Àkódà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹ̀yin olóòtú náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún wa ní igun kékeré kan lójú ewé ọjọ́ Ẹtì, kí a máa kọ wákàtí tí ẹ̀rọ ọgbà kọ̀ọ̀kan ń bẹ̀rẹ̀, owó géètì àti owó ẹ̀rọ kan síbẹ̀. Bí àyè kò bá tó, kí wákàtí àkọ́kọ́ yẹn nìkan wà níbẹ̀.

Àwa ni tiyín,
Àwọn olùkọ́ tó ń ṣètò ìrìn ìgbafẹ́ ọmọ ilé-ìwé,
Òkè-Fìà, Òṣogbo.